Èdè Tí Ó Kọ́ Ilé Tàǹtí

Òórùn ọ̀dà tútù kì í jẹ́ kí n lè jẹun. Bí wọ́n bá ń kun ilé kan ládùúgbò wa, mo máa ń ti fèrèsé pa, mo sì máa ń fi etí ìborùn bo imú bí ẹni pé òkú ẹran ló wà níta. Àwọn ará ilé mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti ń dàgbà, pé nǹkan kékeré ti ń ni mí lára. Wọn kò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dà gan-an ló ń rí mi lára. Yàrá kan ni mo máa ń rántí, lójú ọ̀nà tó jáde láti Ẹ̀jìgbò lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni, tí wọ́n wó ògiri àárín wọn kí ó lè di ọ̀kan. Wọ́n kun ún ní funfun lókè, ní búlúù nísàlẹ̀, ọ̀dà náà kò sì tíì gbẹ tán tí wọ́n fi kó àga wọlé, débi pé ẹni tó bá fẹ̀yìn ti ògiri yóò gbé búlúù lọ sílé lẹ́yìn aṣọ.

Ilé ẹ̀kọ́ èdè ni. Ọmọ ìlú wa kan tó ti Èkó dé ló dá a sílẹ̀, Dírẹ́kítọ̀ ló sì ní kí gbogbo wa máa pe òun. Lójú rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá" ni mo ń wí, nítorí òun ló gbà mí sí iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n n kò ní í bọ̀wọ̀ fún un nínú ìrántí tèmi. Ó pe ayàwòrán kan, ó ní kó ya àkàbà ńlá sí ògiri iwájú, kí ó kọ èdè kan sí ìdábùú kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì wà lókè pátápátá, èdè àwọn ará Ṣáínà tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Íńdíà, ti Sípéènì, Lárúbáwá àti Faransé. Ó ya àpò owó kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpò náà sì ń kéré sí i bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ayàwòrán dé ìdábùú tó gbẹ̀yìn, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró.

"Ọ̀gá, Yorùbá ńkọ́?"

"Ta ni yóò sanwó fún mi kí n kọ́ ọ ní ohun tí ìyá rẹ̀ fi ń bú u lójoojúmọ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò sì ní purọ́ mọ́ ògiri náà, nítorí ohun tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń tètè ríṣẹ́ ju ẹni tí kò gbọ́ ọ lọ. Àwọn tó ń kó ọjà wá láti Ṣáínà ń wá ẹni tó lè bá wọn dúnàádúrà. Lárúbáwá ti gbé ọmọ aládùúgbò wa kan dé ibi tí kò lálàá rẹ̀ rí. Èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ, ọjà ńlá ni. Mo mọ èyí kí Dírẹ́kítọ̀ tó dé. Ohun tó kó mi nírìíra ni ohun tí ó fi òótọ́ náà ṣe, àti ọwọ́ tí èmi fúnra mi ní nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni láti máa kọ orúkọ sí ìwé, kí n máa ṣe ògbufọ̀ nígbà tí àlejò bá wá, kí n sì máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Faransé díẹ̀. Àbíjàn ni mo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dá mi padà wá sí Ẹ̀jìgbò láti ṣe girama. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Ohun tó mú mi dúró ni ọmọ mi obìnrin, tó jókòó sílé lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde. Dírẹ́kítọ̀ ní òun yóò gbà á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, yóò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń wáṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà, bí mo bá lè ṣe ohun kan fún òun. Ohun náà ni kí n mú Tàǹtí wá síbi ìṣíde.

Àbúrò ìyá mi ni Tàǹtí. Orúkọ yẹn, Àbíjàn ni wọ́n ti gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn ìyá ọlọ́jà níbẹ̀, gbogbo Ẹ̀jìgbò sì gbà á fún wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ní ọjà Adjamé ní Àbíjàn ni wọ́n ti ń ta abọ́ tánganran, wọ́n kọ́kọ́ ń kiri rẹ̀ lórí, lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ìsọ̀. Ní òwúrọ̀ mo máa ń lọ kọ́ Faransé lọ́dọ̀ tíṣà, ní ọ̀sán mo máa ń jókòó sí ìsọ̀ Tàǹtí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ Faransé bí kò bá ṣe pé ó ń bínú. Júlà ni èdè ọjà. Júlà ni àwọn tó ti òkè ọya ilẹ̀ wọn wá fi ń yọ owó, Júlà ni wọ́n fi ń gba àwìn, òun ni wọ́n fi ń ṣépè fún ẹni tó bá sálọ. Tàǹtí mọ̀ ọ́n débi pé àwọn oníbàárà máa ń bi wọ́n léèrè abúlé tí wọ́n ti wá, wọn kì í sì í gbà pé Ànàgó ni wọ́n, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Faransé tí Tàǹtí gbọ́ kò ju èyí tí ènìyàn fi ń bẹ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà lọ.

Ṣùgbọ́n o mọ ìlú wa. Ní Ẹ̀jìgbò, ẹni tó bá ti gbé Àbíjàn, ó gbọ́ Faransé; kò sẹ́ni tó ń bi í. Láti ọjọ́ tí Tàǹtí ti padà wálé, tí wọ́n ti kó wọ inú ilé tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kọ́, tí ó ní táìsì láti ilẹ̀ dé ìdajì ògiri, ni àwọn ènìyàn ti ń fi "Bonsoir, Tàǹtí!" kí wọn lójú títì. Tàǹtí a gbọ́wọ́ sókè, wọn a rẹ́rìn-ín. Wọn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọn kàn jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ wọn ládùúgbò ti so mọ́ ọn. Bí ìyàwó ilé kan bá gba ìwé láti Àbíjàn, ọ̀dọ̀ Tàǹtí ni wọ́n ń gbé e wá, Tàǹtí a sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọ̀la, kí n lè wá kà á. Èmi nìkan ló mọ̀.

Dírẹ́kítọ̀ tẹ̀ lé mi lọ sí ilé wọn. Tàǹtí ń se atiékè lọ́jọ́ náà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin tó kan díẹ̀, tí wọ́n fi ooru sè, tí àwọn ará Àbíjàn ń jẹ pẹ̀lú ẹja díndín. Wọ́n bu abọ́ kan fún un. Ó fi ọwọ́ jẹ ẹ́ láìfọwọ́, ó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yọ atiékè ń já bọ́ láti ẹnu rẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì, nígbà tó sì tán, ó fi aṣọ tó bo apá àga nu ọwọ́ òróró rẹ̀.

"Màmá, ẹ wo ilé! Ẹ wo táìsì! Faransé ló kọ́ èyí o."

"Iṣẹ́ ló kọ́ ọ," ni Tàǹtí wí.

"Iṣẹ́ tí ẹ fi Faransé ṣe ni, Màmá. Ẹ kàn ń rẹ ara yín sílẹ̀ ni. Ẹ ṣáà wá kí àlejò mi níwájú àwọn òbí, kí wọ́n rí ẹni tí èdè ti sọ di onílé. Ọ̀nà ọmọ Àǹtí yìí náà ni mo fẹ́ là."

Tàǹtí wo ojú mi. Wọ́n mọ̀ nípa ti ọmọ mi. Wọ́n ní àwọn yóò wá.

Lọ́jọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé wọn láti kọ́ wọn ní gbólóhùn Faransé méjì péré: ẹ káàárọ̀ tàbí ẹ kúùrọ̀lẹ́, alàgbà, ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa. A ń ku ẹ̀gẹ́, Tàǹtí ń wí i tẹ̀ lé mi, ahọ́n wọn ń kọ̀ ọ́, a sì ń fi Júlà rẹ́rìn-ín, nítorí Júlà ni àwa méjèèjì máa ń sọ bí a bá dá wà.

"Bó bá béèrè nǹkan mìíràn ńkọ́?"

"Ẹ kàn wo ojú mi, Tàǹtí. Èmi ni ògbufọ̀. N óò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín kó tó hàn."

"Má jẹ́ kí ojú tì mí o. Ìwọ nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

"Ojú ò ní í tì yín."

Bí mo ṣe wí nìyẹn. Mo rántí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ bó ti jáde.

Lọ́jọ́ ìṣíde, wọ́n ní aago mọ́kànlá, a kò bẹ̀rẹ̀ títí aago mẹ́ta fi kọjá. Àwọn òbí kún yàrá náà fọ́fọ́, àwọn mìíràn ti ìlú Ara wá lórí ọ̀kadà. Ooru, òógùn àti ọ̀dà dà pọ̀, ó ń gun ènìyàn ní ọ̀fun. Ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tuntun, ó ń pín omi oníláílọ́ọ̀nù. Àlejò náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Àbíjàn kan tó wọ kóòtù nínú ooru yẹn, jókòó sí iwájú. Tíṣà Faransé ni, ó dé láti Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó sọ Faransé rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń ka ìwé, èmi ń yí i sí Yorùbá fún wọn. Lẹ́yìn náà ni Dírẹ́kítọ̀ na ọwọ́ sí Tàǹtí, tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú bùbá léèsì funfun.

"Ẹ wo ẹni tí Faransé sọ di onílé!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tàǹtí dìde, wọ́n sọ gbólóhùn wọn méjèèjì, ó yọ geere. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà náà ni àlejò náà rẹ́rìn-ín músẹ́, tó sì béèrè bí Màmá ṣe kọ́ èdè náà láìlọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìbéèrè inú rere ni. Tàǹtí wo ojú mi, mo sì la ẹnu.

"Àǹtí, ẹ dákẹ́ ná," ni Dírẹ́kítọ̀ wí, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi. "Ẹ ṣáà túmọ̀ ìbéèrè fún àwọn òbí. Ìdáhùn, Màmá ló máa fẹnu ara wọn wí i. Faransé ni wọ́n wá gbọ́."

Mo túmọ̀ ìbéèrè náà sí Yorùbá, mo sì pa ẹnu dé. Tàǹtí tún wo ojú mi. Mo wo ìwé orúkọ tó wà níwájú mi. Wọ́n wá fa ìró wọn ṣinṣin, wọ́n sì dáhùn ní Júlà. Ìdáhùn gidi ni. Wọ́n ní nígbà tí àwọn dé ọjà yẹn, àwọn kò lè béèrè omi. Wọ́n ní obìnrin kan tó ń ta ilá gbígbẹ ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ló ń gbé nǹkan sókè lójoojúmọ́, tí yóò ní èyí ni omi, èyí ni iná, ọkùnrin tó ń bọ̀ yẹn ni olè. Wọ́n ní owó abọ́ tí àwọn ẹ̀yà obìnrin yẹn rà lọ́wọ́ àwọn ni àwọn fi ra búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ilé àwọn, kí Ọlọ́run san án fún un níbikíbi tó bá wà. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yẹn, kí ọjọ́ náà tó dé tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ń wo àlejò náà. Nígbà tí Tàǹtí dé ibi olè, ẹ̀rín ta sí ẹnu rẹ̀, ó sì yára gbé e mì.

Ọ̀dọ́ kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Màmá, Faransé ibo lèyí? Ṣé ti oko Ara ni?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́kítọ̀ kò gbọ́ èdè kankan lára àkàbà rẹ̀ kọjá Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó rí i pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó ní kí n bi àlejò léèrè ohun tí Màmá sọ. Àlejò náà nu iwájú orí, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní òun kò gbọ́ ọ, pé bóyá ọ̀kan nínú èdè àwọn ará oko ni. Mo yí i sí Yorùbá bó ti wí i. Dírẹ́kítọ̀ wá kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin tí ẹ gbé ibẹ̀, èdè wo nìyẹn?"

Ọmọ mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, omi oníláílọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tàǹtí náà ń wò mí.

"N kò mọ̀ ọ́n, ọ̀gá," ni mo wí.

Dírẹ́kítọ̀ kò tilẹ̀ dúró mí èémí. Obìnrin tó fi ṣe ẹ̀rí pé èdè ń sọni di ọlọ́rọ̀, òun kan náà ló yí padà fi ṣe ẹ̀rí ìtìjú, itọ́ funfun sì ń gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bó ti ń pariwo. "Ẹ̀yin òbí, ẹ ti fojú yín rí i! Gbogbo ọdún tí wọ́n lò ní Àbíjàn, kò sí èdè kan tó ṣeé gbé jáde! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí ènìyàn kò bá kọ́ ọ níbi tó yẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kí ọmọ yín dà?"

"Rárá o!" ni wọ́n dáhùn. Àwọn tó ń kí Tàǹtí ní "Bonsoir" lójoojúmọ́ wà nínú wọn. Wọ́n ya bo tábìlì mi láti forúkọ sílẹ̀, obìnrin kan ń fi ìgbúnwọ́ gún èkejì kí ti ọmọ rẹ̀ má bàa gbẹ̀yìn. Mo sì kọ orúkọ wọn. Mo kọ ọ́ dáadáa, ìlà lórí ìlà, mo ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kí n má bàa ṣàṣìṣe. Nígbà tí mo gbójú sókè, Tàǹtí ti ń jáde lọ, àmì ọ̀dà búlúù gbòòrò kan sì wà lẹ́yìn bùbá funfun wọn. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn.

Mo bá wọn lẹ́yìn ilé, níbi ẹ̀rọ omi. Àlejò náà ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan lé àyà, ó tẹrí ba fún Tàǹtí.

"I ni wula, mama," ni ó wí. Bí wọ́n ṣe ń kíni ní ìrọ̀lẹ́ nìyẹn ní Júlà. Ó ní ẹja gbígbẹ ni ìyá òun ń tà ní Adjamé. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé, òun kò tíì gbọ́ ẹni tó sọ ọ́ dùn tó báyìí. Ojú rẹ̀ tutù, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ kí àwọn tó wà nínú yàrá má bàa gbọ́. Mo fẹ́ gbá a létí. N kò lè ṣe é, nítorí ohun tí ó ṣe kò fi ìka kan yàtọ̀ sí ohun tí èmi náà ṣe.

Tàǹtí wò ó láti orí dé bàtà. Ìdáhùn ìkíni yẹn kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n kọjú sí mi, Yorùbá ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Sọ fún un pé n kò gbọ́ ohun tó ń wí."

"Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́…"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni ògbufọ̀ ni? Sọ fún un."

Mo sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà jáde kí n tó mọ èdè tó gbà jáde: Júlà ni, Júlà tó mọ́ gaara, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ìsọ̀ abọ́. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Tàǹtí mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti mọ ohun náà tẹ́lẹ̀, tó kàn fẹ́ fi etí gbọ́ ọ.

"O gbọ́ ọ dáadáa," ni wọ́n wí. "Mo rò pé o ti gbàgbé ni." Wọ́n dá ọ̀kadà kan dúró, wọ́n sì lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ náà kò pẹ́ ọdún méjì. Dírẹ́kítọ̀ ti kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ẹni tó ń ta símẹ́ńtì ló wà nínú yàrá náà báyìí, eruku sì ti bo àwọn àpò owó ara ògiri. Ọmọ mi kẹ́kọ̀ọ́ yege. Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ níbẹ̀ wà lára ohun tó fi ríṣẹ́ sí Òṣogbo, ó sì ń fi owó ránṣẹ́ sí mi. Ì bá rọ̀ mí lọ́rùn bó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ náà kò wúlò. Ó wúlò. Mo ń jẹ nínú rẹ̀, ó sì ń kó mi nírìíra síbẹ̀.

Tàǹtí kò bá mi jà. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣì ń lọ bá wọn ku ẹ̀gẹ́, wọ́n ṣì ń fún mi ní ẹja tó tóbi jù. Wọ́n fa bùbá funfun náà ya, wọ́n fi ń bo abọ́ atiékè, àmì búlúù yẹn kò sì lọ títí di òní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, wọn kò bá mi sọ Júlà mọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwa méjì péré wà. Yorùbá ni wọ́n fi dá mi lóhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ènìyàn ti ń dá àlejò lóhùn.

Wọ́n ń gbé atiékè lọ sí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì Àbíjàn ti ń gbéra. Bí mo bá bá wọn gbé abọ́ lọ síbẹ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn wọn kí n tó rí wọn. Àwọn awakọ̀ pagbo yí wọn ká, Tàǹtí ń fi Júlà dúnàádúrà, wọ́n ń fi Júlà bú ẹni tó fẹ́ jẹ àwìn, gbogbo wọn a sì bú sẹ́rìn-ín. Èdè tí ó kọ́ ilé wọn nìyẹn, kò sí lórí ògiri ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wà ní ọjà Adjamé, bó ṣe wúlò tó ni mo mọ̀. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè pàdánù rẹ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ó sì ṣì máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì láti gbọ́ ẹ̀rín náà. Lẹ́yìn náà mo máa ń yọ sí wọn, Tàǹtí a sì yí sí Yorùbá, wọn a gba abọ́ lọ́wọ́ mi.

"O ṣeun," wọn a wí. "O kú ìrìn."